Bàbá Àgbà Mi Kọ́ Gbogbo Hamburg ní Jìtá

Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà mi, Làmídì Àkànní, jáde láyé ní Hamburg, mi ò tíì sunkún tán tí àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárò wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pe Bàbá ní ọ̀gá àwọn onírọ́ọ̀kì. Wọ́n ní kò sí ọmọ tó ń ta jìtá aláriwo ní ìhà àríwá Germany tí kò tọ́ wò nínú ọbẹ̀ tí Bàbá sè. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ọ̀làwọ́ ni Bàbá, pé ohun tí wọ́n mọ̀ kò nira fún ẹnikẹ́ni láti gbà lọ́wọ́ wọn. Inú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ni mo ti ka ìyẹn lẹ́yìn tí mo padà sí Marzahn ní Berlin, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo pa fóònù, mo sì wo ojú fèrèsé títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Mi ò ní irọ́ ni wọ́n pa. Ará ìta ni wọ́n, ohun tí ará ìta rí ni wọ́n kọ. Ọmọ ọmọ ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí nínú ilé.

Bàbá ga, wọ́n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá. Ẹgbẹ́ olórin kan láti Èkó ló gbé wọn dé Hamburg nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹgbẹ́ náà tú ká, àwọn yòókù padà sílé, Bàbá dúró. Àwọn ọmọ Germany mẹ́ta kan mú wọn mọ́ra, wọ́n sì jọ dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì sílẹ̀. Bàbá kì í lo ike pẹlẹbẹ tí àwọn onírọ́ọ̀kì fi ń ha okùn jìtá. Àtàǹpàkò lásán ni wọ́n ń lò. Wọ́n á tú okùn kan sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yí ampilifáyà sókè títí ohùn á fi máa ya bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya, àárín ariwo yẹn gan-an ni jìtá á ti wá máa sọ̀rọ̀ bí ìyá arúgbó tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Á gbé ohùn sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á kùn sínú. Àwọn òyìnbó kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ Àkànní ni wọ́n ń pè é títí dòní, kódà àwọn tí kò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni Àkànní.

Ìtàn kan wà nípa Bàbá tí mo fẹ́ràn. Òun ni mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé. Nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, wọ́n pè wọ́n sí òde eré kan tó tóbi ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe rí lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gun orí ìtàgé, ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà yọ awọ ẹkùn kan jáde láti inú àpò. Ó ní kí Bàbá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n so awọ náà mọ́ ìdí, kí wọ́n ké bí ẹranko lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fọwọ́ kan jìtá. Kóòtù ni àwọn mẹ́ta yòókù wọ̀. Bàbá wo àwọn ọ̀rẹ́ wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń tún okùn bàtà rẹ̀ dì. Àwọn méjì tó kù ń wo ilẹ̀. Bàbá yọ wáyà jìtá wọn lára ẹ̀rọ, wọ́n ká a mọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Àwọn yẹn wá ẹlòmíràn tó lè sín ọwọ́ Bàbá jẹ, wọ́n sì fi ìró Bàbá di olókìkí. Ní ti Bàbá, iṣẹ́ ẹrù kíkó ni wọ́n bá lọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, ní Hamburg, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dùn wọ́n.

"Ẹranko kì í ta jìtá," ni wọ́n dá mi lóhùn.

Ilé àwọn Bàbá wà ní Jenfeld, àdúgbò mìíràn ní Hamburg, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro ìjọba, ní àjà kẹrin. Abẹ́ ilé náà ni Keller wọn wà, yàrá kékeré kan tí àwọn yòókù fi ń kó táyà àti kẹ̀kẹ́ pamọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá gbé ampilifáyà sí. Tí wọ́n bá ti Billbrook dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ilé kejì kan tó ń jẹ́ Holger ló kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn pé òun ń gbọ́ nǹkan láti abẹ́ ilẹ̀. Bàbá kọ́ ọ. Holger mú ẹlòmíràn wá, ìyẹn mú àwọn míì wá. Nígbà tí wọ́n fi máa bí mi, àwọn èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin wá jókòó lórí páálí nínú Keller yẹn. Bàbá kò lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti lè fọ ọwọ́ rẹ̀ kó sì bọ́ bàtà, wọ́n á kọ́ ọ.

Tí àkókò ìrun bá tó, ẹ̀kọ́ á dúró. Wọ́n á yí ojú jìtá sí ògiri, wọ́n á tẹ́ ẹní, gbogbo àwọn ọmọ yẹn á sì dákẹ́ títí wọ́n á fi sálámà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń yí i sẹ́yìn.

"Kó má baà máa pè mí," ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Nínú ilé Bàbá, ẹni tó bá fi German bèèrè omi, òùngbẹ ni yóò pa á. Mo kéré gan-an nígbà tí mo sọ pé, "Opa, Wasser bitte." Wọn ò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Mo tún un sọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Ìyá àgbà ló fún mi lómi nínú kíṣìnì láìjẹ́ kí wọ́n rí i. Mo gbà pé ohun tó dára ni. Òun ló jẹ́ kí n lè kọ èyí tí ẹ ń kà yìí. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo dúró lórí àtẹ̀gùn Keller, mo gbọ́ bí Bàbá ṣe ń fi German bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣàṣìṣe sọ̀rọ̀. Ohùn wọn rọ̀ bí òwú. Ọmọ náà ń ṣì í, wọ́n ń fi sùúrù dá a padà, ó tún ń ṣì í. Irú ohùn yẹn kò bọ́ sí mi létí láti ẹnu wọn rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Tún un ṣe, ọmọ mi," ni wọ́n ń wí. "A ò kánjú lọ síbì kankan."

Ìyá àgbà mi, Sàlámátù, ló ń se ìrẹsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń jẹ. Ìyá àgbà náà ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tó ń bínú nítorí ariwo. Wọn kì í bá Bàbá jà níwájú èèyàn. Àmọ́ ọjọ́ kan, aláìsàn ni wọ́n, ibà dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n rán mi pé kí n lọ pe Bàbá wá láti Keller, níbi tí wọ́n ti ń ta jìtá. Mo lọ. Bàbá ní àwọn ń bọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún ní àwọn ń bọ̀. Nígbà tí mo padà wá láìmú ẹnikẹ́ni dání, Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n fa aṣọ bora.

"Orogún tí mo ní yìí," ni wọ́n ní, "kì í jẹun, kì í ṣàìsàn, kò sì ní kú."

Wọ́n kú ṣáájú orogún wọn lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, pálọ̀ kún fún àwọn èèyàn wa láti mọ́ṣáláṣí, àwọn ará Èkó, ará Ògùn, ará Ọ̀yọ́, gbogbo wọn ń kí Bàbá kú ìrọ́jú. Bàbá dáhùn díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n jáde. A rò pé wọ́n fẹ́ lọ ṣàlùwàlá. Láìpẹ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Jìtá ń dún ní Keller. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Alàgbà kan ní, "Bó ṣe ń sunkún tirẹ̀ nìyẹn." Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Màmá mi, tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá àgbà bí, ń bu oúnjẹ lọ́wọ́. Wọn ò gbé ojú sókè.

"Ẹ jẹun, ẹ̀yin èèyàn wa," ni wọ́n ní. "Bàbá ti lọ bá ìyàwó wọn."

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká láti ẹ̀ẹ̀kan. Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Bàbá àti màmá mi.

Ràfíátù ni orúkọ màmá mi, Àṣàkẹ́ ni oríkì wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn Keller pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ lórí itan bí ẹni tó ń ká aṣọ. Wọn ò ká aṣọ kankan. Ẹ̀kọ́ tí Bàbá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń jí gbọ́. Wọ́n ti bẹ Bàbá pé kí wọ́n kọ́ àwọn náà, Bàbá ní rárá. Olùkọ́ orin kan nílé ìwé ló yá wọn ní jìtá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi ọwọ́ wá ohun tí etí wọn ti kó jọ.

Nígbà tí màmá mi di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé ìwé wọn ṣe àpèjẹ ìparí ọdún. Ìyá àgbà ló tan Bàbá lọ síbẹ̀, wọ́n ní ọmọ fẹ́ gba ẹ̀bùn. Ìyá àgbà náà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Wọ́n ní gbọ̀ngàn náà ń hó, àwọn ọmọ ń ju páálí lu ara wọn. Màmá mi gun orí ìtàgé, wọ́n gbé jìtá kọ́rùn. Bí àtàǹpàkò wọn ṣe kan okùn àkọ́kọ́, ariwo dín. Kò pẹ́, kò sí ẹni tó tún mira. Nígbà tí wọ́n ta orin náà dé àárín, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n jẹ́ kí ìró tó wà nílẹ̀ kú pátápátá, kí wọ́n tó gbé òmíràn. Ibẹ̀ ni Bàbá ti dìde. Wọ́n la àárín àga kọjá, wọ́n gun orí ìtàgé, wọ́n sì bọ́ jìtá kúrò lọ́rùn ọmọ wọn.

"Ó tó," ni wọ́n ní. "Sọ̀ kalẹ̀."

Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ rò pé ara eré ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí.

Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn àgbà ìlú wa yin Bàbá. Wọ́n ní bàbá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí Bàbá fúnra wọn sì ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè ni pé, "Mo mọ ohun tó wà nínú ayé àwọn olórin. Mi ò lè fa ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́." Ó dùn gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí mo mọ ìtàn awọ ẹkùn. Mo rò pé ìyà tó jẹ wọ́n ni wọn ò fẹ́ kó jẹ ọmọ wọn.

Màmá mi kó lọ sí Berlin ní gbàrà tí wọ́n lè dá dúró. Marzahn ni wọ́n ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Kita, wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké. Lọ́dọọdún, tí Iléyá bá dé, a máa ń lọ sí Hamburg. Màmá mi á kúnlẹ̀ kí Bàbá, wọ́n á bèèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n á fọ abọ́, ó parí. Nílé wa, tí jìtá bá dún lórí rédíò, wọ́n á yí i sí ìròyìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ìdí rédíò yẹn, mo ti máa ń rí ìka ọwọ́ òsì wọn tí á máa tẹ etí ìkòkò, ní ibi tó yẹ kí okùn wà.

Mo lọ bẹ Bàbá nígbà kan pé kí wọ́n kọ́ èmi. "Lọ bi ìyá rẹ," ni wọ́n ní. Mo bi ìyá mi.

"Tí o bá lọ kọ́ ọ nínú Keller yẹn," ni màmá mi wí láìgbé ohùn sókè, "Jenfeld ni kí o kúkú máa gbé."

Lọ́dún tó kọjá, mo ń kọjá ní Alexanderplatz, mo gbọ́ ọwọ́ Àkànní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin S-Bahn tó ń ta jìtá, ìyá arúgbó inú jìtá yẹn sì ń bá gbogbo Berlin wí. Mo dúró. Mo sọ fún un pé bàbá àgbà mi ló ni ohun tó ń ta. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi fọ́tò hàn án lórí fóònù mi, omi lé sí ojú rẹ̀. Ó ní òun kò rí Bàbá rí, pé ẹni tó kọ́ òun ni ẹni tí Bàbá kọ́ kọ́. Mo pe Bàbá lójú ẹsẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn, mo ní inú mi dùn, mo ní ojú mi ń ṣomi. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọn ò bi mí bí mo ṣe wà. Wọn ò bèèrè màmá mi.

"Ṣé ó ta á dáadáa?" ni wọ́n bi mí.

Ọdún yìí ni àìsàn gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí àwọn dókítà kò fẹ́ là mọ́lẹ̀. Mo sọ fún màmá mi pé tí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá Bàbá sọ, àkókò nìyí. A wọ ọkọ̀ ojú irin lówùúrọ̀. Nígbà tí a wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, wọ́n ní, "Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ kú àìsàn." Bàbá fi orí dáhùn. Màmá mi dìde, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ gba jìtá lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ti sọ ọ́, Àṣàkẹ́."

"Ẹ sọ ti ayé àwọn olórin. Mo ti gbọ́ ìyẹn. Tiyín ni kí ẹ sọ."

Bàbá pa ojú dé. Mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Nígbà tí o dé àárín orin yẹn," ni wọ́n ní, "o dúró. O jẹ́ kó kú kí o tó gbé òmíràn. Mo ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń dúró láti ìgbà tí mo ti ń ta jìtá. Mi ò rí i. Mo máa ń kánjú, ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ ń bà mí. Ìwọ, ọmọ kékeré, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́, o débẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síta lọ pọn omi."

"Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Torí pé mo mọ̀ ọ́n ta?"

"Torí pé o mọ̀ ọ́n ta."

Màmá mi dìde. Wọ́n fa aṣọ tó ti yọ lórí ẹsẹ̀ Bàbá, wọ́n bò ó dáadáa, wọ́n tẹ etí rẹ̀ mọ́ ibùsùn. Bàbá ń wò wọ́n, ó jọ pé wọ́n ń retí nǹkan, bóyá ìbínú, bóyá àforíjì.

"Kí Ọlọ́run fún yín ní ìsinmi," ni màmá mi wí. Wọ́n jáde. Èmi ni mo dúró ti Bàbá, èmi náà sì ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kú.

Màmá mi wá síbi ìsìnkú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá pọ̀ ní itẹ́ òkú náà ju àwa ìdílé lọ. Àwọn ọkùnrin orí ewú, àwọn obìnrin pẹ̀lú, àwọn ọmọ tó ní yẹtí nímú. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí wọn lára tán, Holger ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Arúgbó ni òun náà báyìí. Èmi ni mo di fóònù mú kí àwọn ẹbí wa ní Abẹ́òkúta lè máa wò ó, èmi sì ni mo ń túmọ̀ fún wọn. Holger ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní Bàbá ni bàbá tí òun kò ní. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn Keller kò tì rí. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ó wá ní, "Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wa." Màmá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èjìká wọn kan tèmi. Àwọn ará Abẹ́òkúta ń pariwo nínú fóònù pé, "Kí ló wí? Àbẹ̀kẹ́, kí ni òyìnbó yẹn wí?"

"Ẹ sọ fún wọn," ni màmá mi wí. Ẹ ni wọ́n pè mí, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Mo fi ẹnu ara mi túmọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ràn bàbá àgbà mi. Mo tún fẹ́ kí ẹni tó ń kọ ọ́ pé ọ̀làwọ́ ni wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan wà tí wọ́n ṣahun sí, pé ọmọ tí wọ́n bí ni.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, màmá mi pè mí pé kí n bá àwọn dé ibì kan. Wọn ò sọ ibi tó jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ orin kékeré kan ni, kò jìnnà sí ilé wa ní Marzahn, òkè ilé ìtajà bàtà ló wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbà wá lálejò. Ó gbé jìtá kan lé màmá mi lọ́wọ́, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti kọ́ ọ rí. Wọ́n ní rárá. Ó bi wọ́n irú orin tí wọ́n fẹ́.

"Rọ́ọ̀kì," ni màmá mi wí.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé jìtá tirẹ̀, ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní bàbá adúláwọ̀ kan wà ní Hamburg tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti wá. Ó ju ike pẹlẹbẹ rẹ̀ sórí tábìlì, ó na àtàǹpàkò.

"Nein," ni màmá mi wí. Wọ́n rọra mú ike náà lórí tábìlì, wọ́n fi í sáàárín ìka méjì. "Kọ́ mi ní ti ẹlòmíràn."